Àárọ̀ Tí Mo Sọ̀rọ̀ Ṣáájú Ọkọ̀ Ìgbàlà

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ní yàrá ìṣọ́nà ni pé kí n má wo ibi tí ọkọ̀ pọ̀ sí.

Ó yà mí lẹ́nu. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, ibi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí gan-an ni mo sì máa ń sáré lọ. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí iléeṣẹ́ rédíò wa rán mi lọ sí Mówè, pé kí n máa jókòó ti àwọn tó ń fi kámẹ́rà ṣọ́ òpópónà márosẹ̀, kí n sì máa sọ bí ọ̀nà ṣe rí fáwọn tó ń gbọ́ wa, ẹ̀ẹ̀kan ni Kẹ́hìndé tó ń darí kámẹ́rà wò mí tó bú sẹ́rìn-ín. Ó rí i pé àwọn ọkọ̀ tó tò bí ìjàlọ ní Ìbafò ni mo tẹjú mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn yẹn ò lè sọ nǹkan kan fún yín," ó wí. "Ibi tó bá ṣófo ni kẹ́ ẹ máa wò. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ò ní lè kọjá mọ́, iwájú ibẹ̀ á wá dá páropáro. Ẹ wá ibi tó dá páropáro lójijì, kẹ́ ẹ rọra padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ lẹ máa bá a."

Mo dán an wò. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo ti rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí táyà rẹ̀ bẹ́ lẹ́bàá Arépò kí ẹnikẹ́ni tó fi fóònù pè wá. Inú mi dùn bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà.

Yàrá náà kò tóbi. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, tẹlifíṣọ̀n ńlá mẹ́fà ló sì kún ògiri rẹ̀ kan. Kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ orí òpó gíga ló ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí wọn, láti Arépò wá sí Ìbafò, láti Ìbafò wá sí Mówè. Ọ̀kan nínú wọn ò sí lórí márosẹ̀ rárá. Ọ̀nà Abẹ́òkúta ló ń wò, ní Ìfọ̀ níbi tí wọ́n ti bí mi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí oríta ìlú mi láti òkè, mi ò dá a mọ̀. Mo bi Kẹ́hìndé pé, "Ibo tún nìyí?" Ó ní, "Ilé yín ni." Ó ṣe mí bákan. Ibi tí mo ti rìn láti kékeré, òrùlé páànù lásán ló jẹ́, pẹ̀lú àwọn orí tó ń kọjá lábẹ́ agboòrùn.

Alhaja Múnírátù ni ọ̀gá wa níbẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, kì í sì í gbé ohùn sókè. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nídìí ojú irin ní Àgbàdo ló ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fún ọkọ̀ ojú irin láṣẹ láti kọjá. Ó máa ń fi tibẹ̀ bú tiwa. "Lójú irin, ọkọ̀ kan ò lè wọlé kí ọ̀nà tó ṣófo," ó máa ń wí. "Tiyín yìí, ọjà ni."

Ìbéèrè mẹ́rin ló kọ́ gbogbo wa láti máa bi ẹni tó bá pè: Níbo ni? Apá wo ni? Ṣé ẹnì kan há sínú ọkọ̀? Ṣé epo ń dà? Ó rọrùn létí. Ìdáhùn rẹ̀ ni kì í rọrùn. Kò sí ẹni tó mọ iye kìlómítà tí wọ́n kọ sára òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ohun tó wà níwájú ẹni ni wọ́n máa ń sọ: ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì, mọ́ṣáláṣí tí wọn ò tíì kùn, ibi tí wọ́n ti ń ta búlọ́ọ̀kù. Kẹ́hìndé ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, àtèyí tí wọ́n ti wó pàápàá, torí àwọn èèyàn ò yéé fi wọ́n júwe ọ̀nà.

Mi ò lè gbàgbé bàbá kan tó pè wá láti Ìfọ̀. Èmi náà ni mo gbé fóònù.

"Ẹ gbà wá o, màlúù ti gba títì!"

"Níbo ni, bàbá?"

"Ní Ìfọ̀ níbí."

"Apá ibo ní Ìfọ̀?"

"Apá ibi tí mo wà."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ó tó mélòó, màlúù náà?"

"Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?"

Iṣẹ́ náà kún fún irú ohun tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kì í rò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ewé. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà, dẹ́rẹ́bà á ṣẹ́ ẹ̀ka igi, á tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè yà. Mo ti kọjá lára irú ewé bẹ́ẹ̀ ní àìmọye ìgbà, mi ò rò ó wò rí. Kẹ́hìndé a máa fa àwòrán rẹ̀ súnmọ́ tòsí láti wo àwọ̀ rẹ̀. "Ewé tútù, wàhálà tuntun," ó wí fún mi. "Ewé tó bá ti rọ, ọkọ̀ ti lọ, ẹni tó já a ni ò kó o." Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mi ò lè rí ẹ̀ka igi lójú ọ̀nà kí n má bi ara mi pé ìgbà wo ni wọ́n ṣẹ́ ẹ.

Oṣù karùn-ún tí mo débẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti kọjá díẹ̀.

"Ó ti ṣófo," Kẹ́hìndé wí.

Kò pariwo. Ó ń yí kámẹ́rà padà sẹ́yìn bó ṣe ń sọ ọ́, gbogbo wa sì jọ rí i. Típà tó kó yanrìn ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nígbà téèyàn bá kọjá Ìbafò díẹ̀, lápá tó ń lọ sí Èkó. Orí rẹ̀ ti rún mọ́ kọnkéré tó pín ọ̀nà sí méjì, yanrìn rẹ̀ sì ti tú ká bò títì láti etí kan dé ìkejì. Ọkọ̀ kankan ò lè kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, iná pupa tó wà nídìí àwọn mọ́tò ti ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń padà bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ wa ní Mówè.

Fóònù dún. Alhaja tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo yàrá lè gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibi tí wọ́n ti ń gba èèyàn là nìyí?" Ohùn obìnrin ni.

"Ibẹ̀ náà ni, màmá. Níbo lẹ wà?"

"Mo wà nínú típà."

"Ẹ̀yin lẹ há síbẹ̀?"

"Rárá o! Èmi ni mo wọlé tọ̀ ọ́. Dẹ́rẹ́bà ló há. Bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni mo wà, mò ń lọ ra òwú l'Ékòó. Irin ti di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. Ó di ọwọ́ mi mú, kò jẹ́ n lọ."

"Ṣé epo ń dà?"

"Yanrìn ló ń dà."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ìbéèrè karùn-ún nìyẹn, kò sì sí lára mẹ́rin tí wọ́n kọ́ wa. A gbọ́ tí obìnrin náà béèrè, a gbọ́ tí ọkùnrin kan mí kanlẹ̀.

"Ó ní Ráṣídì. Ará Ìsẹ́yìn ni, Mówè ló yá yàrá sí. Èmi ni Ìyá Tóyìn, aránṣọ ni mí n'Íbafò."

"Ẹ máa pe orúkọ ẹ̀, Ìyá Tóyìn," Alhaja wí. "Ẹ má jẹ́ kó sùn. Ẹ má sì pa fóònù yín."

Ọkọ̀ ìgbàlà tó gbé ẹ̀rọ tó ń gé irin wà ní Mówè, kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ì bá gbà ti kún títí dé ẹnu géètì wa. Mo wo ojú Alhaja. Mo fẹ́ mọ ohun tí èèyàn ń rò nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Kò tiẹ̀ wo ibi tó kún. Apá kejì ló ń wò, èyí tó ń bọ̀ láti Èkó.

Ó gbé rédíò ọwọ́ rẹ̀, ó pe Bánjọ, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó wà ní Arépò. Ó ní kó dá gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó dúró níbẹ̀. Bí àwọn tó ti kọjá bá lọ tán, apá yẹn á ṣófo láti Arépò dé Mówè. Ọkọ̀ ìgbàlà á wá gba ibẹ̀ lọ, á kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ lójoojúmọ́, á sì dé ẹ̀gbẹ́ típà náà láìpàdé ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ojú irin ni: kí ọ̀nà kọ́kọ́ ṣófo, kí ọkọ̀ tó wọlé.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn kọjá Ìbafò. Ó kọjá iwájú wa. Apá náà mọ́ tónítóní, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí ní ojúmọmọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbàlà ti ń tan ẹ́ńjìnnì.

Ìgbà náà ni iná kékeré tó wà níwájú mi tàn. Àsìkò tèmi lórí afẹ́fẹ́ ti tó.

Alhaja kẹ́yìn sí mi, ó ń bá Bánjọ sọ̀rọ̀. Mi ò bi í léèrè nǹkan kan. Ta ni mo tún fẹ́ bi? Mo rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi, mo sì mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń gbọ́ wa wà nínú òòrùn. Mo súnmọ́ ẹ̀rọ, mo ní:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ láti Mówè sí Ìbafò, ẹ fọkàn balẹ̀. Típà kan ló ṣubú. Wọ́n ti kó gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá kejì báyìí kí ọkọ̀ ìgbàlà lè gba ibẹ̀ lọ."

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

Mo yọ ohun tí mo fi bo etí. Mo rí mọ́tò dúdú kan lójú tẹlifíṣọ̀n kẹta. Ó yọ kúrò nínú ìlà, ó rìn dé ibi tí kọnkéré àárín ti já, ó rọra gorí ilẹ̀ àárín náà, ó sì sọ̀kalẹ̀ sápá kejì. Ó yà sọ́wọ́ Èkó, ó ń sáré lọ lórí títì tó ṣófo. Jíìpù kan tẹ̀lé e. Bọ́ọ̀sì kan tẹ̀lé jíìpù. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè kà wọ́n mọ́.

Kẹ́hìndé yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sọ fún wọn?"

Kí n tó dáhùn, ohùn Bánjọ ti gba yàrá kan. "Alhaja, wọ́n ti kún ibí o! Wọ́n ń kọjú bọ̀ wá bá mi! Mo dá wọn dúró, wọ́n ní rédíò ló ní káwọn gba ibí!"

Àwọn tó wà níwájú ti pàdé àwọn ọkọ̀ tí Bánjọ dá dúró ní Arépò, orí ko orí. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ̀, wọ́n ń rọ́ bọ̀. Ọkọ̀ ìgbàlà ti jáde ní tiẹ̀, ó ti dé Ìbafò, ó sì ti há sẹ́yìn wọn. Ó ń fọn fèrè. Kò sí ibi tí wọ́n máa yà sí fún un.

Alhaja yíjú sí mi. "Oníròyìn, ta ló ní kẹ́ ẹ sọ ọ́?"

"Kí ọkàn wọn lè balẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, Alhaja."

"Ó ti balẹ̀," ó wí. "Ẹ ò rí i bó ṣe balẹ̀ ni?"

Mo ti ń béèrè lọ́wọ́ ara mi láti ọjọ́ yẹn pé kí ló dé tí mi ò ronú kàn án. Láti kékeré ni mo ti ń wọkọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Mo mọ̀ pé bí dẹ́rẹ́bà wa bá gbọ́ pé ibì kan ṣófo, tiẹ̀ ni. Ó lè mọ̀ pé ọkọ̀ ìgbàlà ni wọ́n là á fún, ṣùgbọ́n òun á ti kọjá kó tó dé. Ohun tí olúkúlùkù ń rò nìyẹn. Ẹni tó bá gba wọ́nwéè, tó kọjú sí àwọn tó ń bọ̀, kì í gbà pé òun lòun ṣe é. Ẹni tó wà níwájú òun ló ṣe é, òun kàn tẹ̀lé e ni.

Mo tún padà sórí afẹ́fẹ́. Mo ní kí wọ́n padà sẹ́yìn. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo pàṣẹ. Kò sí ọkọ̀ kan tó mira. Olúkúlùkù ń gbọ́ mi, ó sì ń rò pé ẹlòmíràn ni mò ń bá wí.

Nínú fóònù, Ìyá Tóyìn ń pe orúkọ. "Ráṣídì. Ráṣídì, dá mi lóhùn." Ìdáhùn náà ti ń pẹ́ kó tó wá.

Ó wá yí padà sí wa. "Alhaja, ọkọ̀ ti kún ẹ̀gbẹ́ wa níbí o. Mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Wọ́n ń fọn hóònù sí ara wọn. Ibo lọkọ̀ tẹ́ ẹ lẹ ó rán wà?"

Gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ ìròyìn, ohun kan ṣoṣo ni mo gbà gbọ́: ọ̀rọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ oníròyìn lọ. Mo dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, mo béèrè.

"Alhaja, ṣé kí n gbé obìnrin yìí sórí afẹ́fẹ́?"

Ó wò mí títí. Ó wá bá fóònù sọ̀rọ̀. "Ìyá Tóyìn, àwọn onímọ́tò tẹ́ ẹ ń wò yẹn, ṣé ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀? Wọ́n máa gbọ́ yín nínú rédíò."

"Ṣé gbogbo wọn?"

"Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn."

"Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ ọ́."

Mo so fóònù mọ́ ẹ̀rọ, mo sì ṣí i. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bó ṣe sọ ọ́ nìyí:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú jíìpù funfun, tẹ́ ẹ wọ jígí dúdú, mò ń wò yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ 'Ọlọ́run Tóbi' sí lórí, mò ń wò yín. Màdáàmù tó ń kun àtíkè nínú mọ́tò pupa, mò ń wò yín. Ráṣídì ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó wà níbí. Ọmọ mẹ́ta ló bí, Rọ́fíà ni àkọ́bí ẹ̀. Ẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́, ibi iṣẹ́ lòun náà ń lọ. Ọkọ̀ tó fẹ́ wá yọ ọ́ wà lẹ́yìn yín, ẹ ò jẹ́ kó kọjá. Ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ dúró lé yẹn. Ẹ bọ́ kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀!"

Mo rò pé kò ṣiṣẹ́.

Ilẹ̀kùn jíìpù funfun náà ṣí. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó wo ọ̀nà típà. Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu orí mọ́tò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé kó yà. Kọ́ńdọ́ bọ́ọ̀sì náà fò sílẹ̀. Àwọn èrò sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń ti ọkọ̀, wọ́n ń gbé ìdí ọkọ̀ kéékèèké sórí ilẹ̀ àárín. Lójú kámẹ́rà, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìka ya irun, díẹ̀díẹ̀, kò yá rárá. Kẹ́hìndé ti dìde dúró. Kò mọ̀ pé òun ń pariwo, "Ẹ ṣí i! Ẹ ṣí i fún un!"

Ọkọ̀ ìgbàlà kọjá tẹlifíṣọ̀n kẹta. Ó wọ ìkejì. Ó dúró.

Wọ́n gé irin, wọ́n yọ Ráṣídì, wọ́n sì gbé e lọ. Ó wà láàyè. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìròyìn kan wọlé láti ilé ìwòsàn pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún.

Mo lọ síbẹ̀. Mi ò wọlé tọ̀ ọ́, mi ò lójú tí mo máa fi wò ó. Mo rí nọ́ọ̀sì kan tó ń jáde ní wọ́ọ̀dù, mo bi í pé bí wọ́n bá tètè gbé e dé, ṣé wọn ì bá gé e? Ó wò mí bí ẹni tó ń wá ìdí tí mo fi béèrè.

"Mi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni," ó wí, "mi ò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́."

Alhaja ní kí n kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àkọsílẹ̀ yàrá wa. Mo kọ ọ́ dáadáa, iṣẹ́ mi ṣáà ni. Ó kà á dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé "rédíò tètè sọ̀rọ̀," ó sì dá a padà fún mi.

"Ṣé rédíò ní ẹnu ni?" ó wí. "Ẹ kọ orúkọ."

Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀.

Kò lé mi kúrò. Ó yí ọ̀nà tí a ń gbà ṣiṣẹ́ padà ni. Láti ìgbà náà, mo lè sọ ibi tí ọ̀nà ti dí lórí afẹ́fẹ́, mo lè sọ ìdí tó fi dí. Ibi tí ìgbàlà fẹ́ gbà kì í jáde lẹ́nu mi títí ọkọ̀ wọn á fi dé ìdí iṣẹ́. Ó nira fún mi ju bí mo ṣe rò lọ. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń sáré kí ìròyìn mi lè ṣáájú ti ẹlòmíràn. Mo wá ń gba owó oṣù láti jókòó ti ohun tí mo mọ̀, kí n má sọ ọ́.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí Ráṣídì tó wá sí yàrá wa. Ìyá Tóyìn ló mú un wá. Igi ìtìlẹ̀ méjì ló fi ń rìn, obìnrin náà sì ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣòkòtò rẹ̀, ó rán etí rẹ̀ dáadáa tó fi jẹ́ pé èèyàn á rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rán ṣòkòtò. Ráṣídì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja, Alhaja ò jẹ́.

"Ẹ jókòó jàre, Bàbá Rọ́fíà. Kò sí ìdọ̀bálẹ̀ níbí."

Kẹ́hìndé súnmọ́ mi létí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún un o. Ó ti kọjá."

Mo gbìyànjú láti gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo ra mínírà fún wọn. Mo fi Ìfọ̀ han Ìyá Tóyìn lójú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí kò sí nǹkan mìíràn tí mo tún lè ṣe, mo fa àga, mo jókòó níwájú Ráṣídì.

"Bàbá Rọ́fíà, èmi ni mo sọ ọ́ lórí rédíò lọ́jọ́ yẹn pé wọ́n ti kó ọkọ̀ kúrò lápá kejì. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ kún ibẹ̀."

"Mo mọ̀," ó wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin náà ni. Gbogbo nǹkan ló kú nínú ọkọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn àfi rédíò. Ó wà lápá ibi tí ọwọ́ wa ò dé." Ó gbé mínírà rẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ́, mo sọ fún Ìyá Tóyìn pé ọkọ̀ ń bọ̀ wá mú mi. Ara mi balẹ̀ gan-an ni. Kò pẹ́ la gbọ́ hóònù. Mo ní, òun nìyẹn. Jíìpù ni."

Ìyá Tóyìn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ bínú sí mi," mo wí. Mi ò mọ̀ bóyá ìbéèrè ni.

"Mo bínú. Ọjọ́ tí wọ́n gé e, ohùn yín ni mò ń gbọ́. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí, ọ̀gá. Alhaja ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Tiyín, mo kàn fẹ́ rí ẹni tó ni ohùn yẹn ni." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ ò ga bí mo ṣe rò."

Kẹ́hìndé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó.

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe é báyìí?" Ráṣídì béèrè.

Mo ti ń ṣàlàyé fún un nígbà tí Kẹ́hìndé ní, "Ó ti ṣófo." Bọ́ọ̀sì kan ti kọlu mọ́tò ní tòsí Arépò, lápá tó ń lọ sí Èkó. Ẹnì kan pè, ó ní ìyá àgbàlagbà kan há sínú mọ́tò náà lẹ́yìn, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Alhaja gbé rédíò ọwọ́ rẹ̀. Bánjọ dá àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó dúró. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, bíi ti ọjọ́sí gẹ́lẹ́.

Iná kékeré tàn níwájú mi. Mo súnmọ́ ẹ̀rọ, Ráṣídì sì ń wò mí. Mo ní jàǹbá ṣẹlẹ̀ ní Arépò, ọ̀nà tó ń lọ sí Èkó dí, ẹni tí kò bá tíì jáde nílé kó ṣì ní sùúrù. Mo dákẹ́ síbẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ.

"Ẹ ò sọ ibi tí ọkọ̀ ìgbàlà ń gbà," ó wí.

"Kò tíì dé."

Ó mú igi ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó dìde, ó lọ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ̀ ìgbàlà jáde ní Mówè, òun nìkan lórí títì. Ó kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n kẹta. Ráṣídì ń yí orí rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó wọ ìkejì, ó kọjá ibi tí típà ti ṣubú, ó dé Arépò. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò náà, ọwọ́ àgbàlagbà kan sì jáde níbẹ̀, ó di èjìká ọ̀kan nínú wọn mú.

Ráṣídì yíjú sí mi.

"Ó yá, ọ̀gá oníròyìn," ó wí. "Ẹ sọ ọ́."